Ọ̀bọ Tí Wọ́n Jí Tí Àgò Kò Ṣófo

Àgò kò ṣófo, àgádágodo kò já, ọ̀bọ sì jókòó sórí igi tó dábùú inú àgò, ó ń ṣẹ́jú. Síbẹ̀ Marguerite dúró síwájú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ká ọwọ́ lérí, ó ní wọ́n ti jí ọ̀bọ òun gbé lọ.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Gbogbo àwọn tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà ni ẹ̀rín padà di ìtìjú fún, mo sì máa dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọdún kẹfà tí Dàhòmẹ̀ gba òmìnira ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìjọba ní ọgbà kékeré kan lẹ́sẹ̀ òkè ní Dassa, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ẹranko tó ń tán lọ nínú igbó. Marguerite ló ń bọ́ wọn. Opó ni, ó ti tó ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, gbogbo ènìyàn sì ń pè é ní Màmá Justine nítorí ọmọbìnrin rẹ̀. Nínú gbogbo ẹranko ọgbà náà, méjì ló ṣe iyebíye jù, ìyẹn akọ àti abo ọ̀bọ oníkùn pupa. Marguerite sọ akọ ní Baálé, ó sọ abo ní Ẹyinjú.

Ọ̀bọ yìí kì í ṣe irú èyí tó máa ń wá jí àgbàdo yín nínú oko. Igbó olómi tó dí ló ń gbé, ìwọ̀nba agbègbè wa níhìn-ín náà ló sì ti ń rí irú igbó bẹ́ẹ̀ gbé. Irun abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ funfun, ikùn rẹ̀ pọ́n, ọmọ kan ṣoṣo ló sì ń bí lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọdẹ ń pa á nítorí awọ ikùn náà, àwọn agégẹdú ń gé igbó mọ́ ọn lórí. Àwọn òyìnbó tó ń kọ̀wé nípa ẹranko pàápàá, inú àgò ni ọ̀pọ̀ wọn ti mọ̀ ọ́n, wọn ò rí i lórí igi rí.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, aṣojú ìjọba kan ń bọ̀ láti Kútọnu pẹ̀lú òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá ní ọgbà ẹranko òkè òkun. Bí wọ́n bá bá akọ àti abo lálàáfíà, tí ìrètí wà pé wọ́n lè bímọ lọ́wọ́ ènìyàn, aṣojú náà yóò fọwọ́ sí i pé igbó olómi tó wà lẹ́yìn abúlé Tré ti di igbó tí áàké kò gbọdọ̀ wọ̀ mọ́. Bí wọn ò bá bá wọn, àwọn agégẹdú ti pọ́n áàké sílẹ̀. Ohun tó wà ńlẹ̀ nìyẹn.

Báwo wá ni Marguerite ṣe mọ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Láràárọ̀ ni Baálé máa ń jókòó ti Ẹyinjú, á máa ya irun rẹ̀ sí méjì, á máa ṣa ìdọ̀tí ara rẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yìí, Baálé kọ̀yìn sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó sá lọ sí igun àgò, kò fọhùn, kò jẹun. Ọkọ tó kọ aya láìjà, Marguerite ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ohun mìíràn tún wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹyinjú lóyún, oyún náà sì ti gbó. Ó ti sọ fún Dókítà Cyprien, dókítà ẹranko tó jẹ́ ọ̀gá ọgbà náà, òun sì ti fèsì pé ọ̀bọ náà kàn ń jẹun jù ni.

Dókítà Cyprien kò burú. Màlúù ni ìmọ̀ rẹ̀. Kò tíì lo oṣù kan ní Dassa, ẹ̀rù àwọn àlejò ọjọ́ Àbámẹ́ta sì ti ń bà á tó bẹ́ẹ̀ tí kò rí oorun sùn. Ó ní kí wọ́n gbé omi àti ọṣẹ wá, ó wẹ ikùn ọ̀bọ náà lójú gbogbo wọn, kó lè hàn bóyá wọ́n kùn ún ni. Omi náà mọ́ kedere, ikùn sì pọ́n síbẹ̀.

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Màmá Justine, kò sí ohun tó sọnù. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá tún sọ ọ̀rọ̀ yìí létí àwọn àlejò, a jẹ́ pé ẹ ti bá iṣẹ́ yín lọ nìyẹn."

Isidore, akọ̀wé ọgbà, rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó mọ aṣọ wọ̀ ni Isidore, Faransé rẹ̀ dán. Ó máa ń sọ pé ilé ìwé ló bí òun, pé àwọn ará òkè yìí ti kó èèwọ̀ lé ara wọn lórí jù, pé òun ní tòun, ohunkóhun tó bá ní ẹsẹ̀ tó ń rìn, òun á jẹ ẹ́. Mathieu, aṣọ́nà ẹnu géètì, ará Paouignan tó ga bí òpó, rẹ́rìn-ín díẹ̀ nítorí pé akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Ọlọ́pàá jandáámù tí Marguerite tún sáré lọ bá, Sylvestre lorúkọ rẹ̀, bi í bóyá ọ̀bọ ló jí ọ̀bọ.

Inú bí Marguerite débi pé kò lè sunkún. Ó wọ bàtà, ó gba ọjà lọ.

*

Ẹni tó lọ bá ni Ràmọ́nù. Ogún ọdún ni Ràmọ́nù fi ṣe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní Àjàṣẹ́, kó tó fẹ̀yìn tì wá sí ọjà Dassa láti máa ta àtùpà àti abọ́ tánganran. Ọkùnrin kúkúrú ni, kò lè jókòó kí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Bí Marguerite ti ń rojọ́ ni ó ń nu gíláàsì àtùpà kan, kò wo ojú rẹ̀. Nígbà tó rojọ́ tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ni Ràmọ́nù bi í, pé kí ni Dókítà fi wẹ ọ̀bọ náà.

Marguerite ní omi àti ọṣẹ ni.

Ràmọ́nù gbé gíláàsì sílẹ̀. Ó yọ owó, ó ní kí wọ́n bá òun ra ìgò sódábì kékeré kan wá. Ọ̀rọ̀ di yẹ̀yẹ́ nínú ọjà. Ẹni tó ń kírun lẹ́ẹ̀márùn-ún lóòjọ́ ló ń ra ọtí ògógóró ní ọ̀sán gangan. Ràmọ́nù dá wọn lóhùn pé òun kì í mu ún, ṣùgbọ́n òun mọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú ni wọ́n jọ wọ ọgbà. Dókítà Cyprien kò fẹ́, àmọ́ àgbà ni Ràmọ́nù, ó sì kí i dáadáa, kò sí bí Dókítà ṣe lè lé e. Marguerite wọ inú àgò, ó di ọ̀bọ náà mú. Ràmọ́nù da sódábì sórí àkísà funfun, ó fi pa ikùn ọ̀bọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì na àkísà náà sí Dókítà. Àkísà ti pọ́n.

Ó mú igun tó mọ́ lára rẹ̀, ó nu ìdí ìrù ọ̀bọ náà. Èédú tí wọ́n fi òrí pò ló bọ́ síbẹ̀, dúdú bí ìdí ìkòkò. Lábẹ́ èédú náà ni àmì funfun méjì ti yọ, ọ̀kan lápá ọ̀tún ìrù, ọ̀kan lápá òsì.

Ràmọ́nù ní, "Osùn ni. Omi kì í tú osùn, Dókítà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá ọlọ́mọ tuntun èyíkéyìí. Wọ́n á fi pa ọmọ, wọ́n á wẹ ọmọ láàárọ̀, wọ́n á wẹ̀ ẹ́ lálẹ́, aṣọ ìbora á ṣì máa pọ́n. Ọtí líle ló ń tú u. Ọ̀bọ alámì méjì tó kún inú oko lẹ ń wò yìí. Oníkùn pupa yín ti lọ."

Dókítà Cyprien wá ibi ìjókòó, kò rí, ó jókòó sílẹ̀. Marguerite fẹ́ jó. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan tán nígbà tí Isidore sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn.

Isidore fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ béèrè pé nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, ilé ta ni osùn wà. Ó ní àbí kì í ṣe Justine, ọmọ Màmá, ló bímọ ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn? Ó tún ní kọ́kọ́rọ́ àgò méjì ló wà, ọ̀kan rọ̀ sí ara ògiri ọ́fíìsì, ọ̀kan wà ní ọrùn Màmá.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Sylvestre, ó lọ sílé Marguerite, ó sì padà pẹ̀lú abọ́ osùn. Ohun tí Marguerite fi ràn wọ́n lọ́wọ́ ni wọ́n sọ di ẹjọ́ mọ́ ọn lọ́rùn. Ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn, òun nìkan ló gbọ́n láàárín wọn. Ní báyìí, òun ló di olè. Ó rò ó pé bí wọ́n bá ti òun mọ́lé, ta ni yóò máa wẹ ọmọ Justine? Ta ni yóò wá Ẹyinjú? Ẹ̀rù bà á gidigidi.

Ràmọ́nù ní bí òun bá jí ọ̀bọ, tí ẹnikẹ́ni ò sì fura, òun ò ní pariwo. Isidore fèsì pé olè tó gbọ́n á kọ́kọ́ pariwo. Dókítà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Níkẹyìn ó ní òun fún wọn di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Bí Ẹyinjú kò bá wọlé títí di ìgbà náà, Sylvestre yóò mú Màmá Justine lọ.

*

Nínú ìdàrúdàpọ̀ yẹn, ọ̀bọ ayédèrú ti gun igi rẹ̀ padà. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti ìta, nǹkan kan bọ́ sẹ́nu rẹ̀, ó jẹ díẹ̀ níbẹ̀, ó tu kóró sílẹ̀. Ràmọ́nù bẹ̀rẹ̀, ó ṣa á.

Marguerite ṣàlàyé fún un. Ọ̀bọ ní àpò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Bó bá rí oúnjẹ níbi tí ọ̀tá pọ̀ sí, á kó o sínú àpò náà kíá, á sì wá ibi ìdákẹ́jẹ́ jẹ ẹ́. Ó lè tọ́jú kóró sẹ́nu kó máa pọ́n ọn lá fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

"Ẹ ti fún un ní dàbínù rí?" Ràmọ́nù bi í.

Marguerite ní níbo lòun ti máa rí dàbínù fún ọ̀bọ, nígbà tí òun kò rí i jẹ fúnra òun.

Ẹni kan ṣoṣo ló ń ta dàbínù ní ọjà Dassa. Ràṣídì ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti Ràmọ́nù, ó sì ti pẹ́ tó ti ń so ọ̀bọ alámì méjì kan mọ́ ẹnu ọ̀nà, tó ń fi èyí tó bá bàjẹ́ nínú ọjà rẹ̀ bọ́ ọ títí ọ̀bọ náà fi sanra yọkùn. Ikùn yẹn ló jẹ́ kí ó jọ aboyún. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ràṣídì, ọ̀bọ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ní òun ti fún Mathieu aṣọ́nà lọ́jọ́ Àìkú, pé àwọn ọmọ rẹ̀ ń fẹ́ ohun ìṣeré.

Sylvestre kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sáré padà sí géètì, ó gbá Mathieu lọ́rùn ẹ̀wù mú. Mathieu ga, ṣùgbọ́n kò sí agbára kankan nínú gíga rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní òun so ọ̀bọ náà sẹ́yìn géètì, pé ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, nígbà tí òun padà láti ibi oúnjẹ, òun kò bá a mọ́. Òun rò pé ó tú okùn lọ sórí òkè ni. Òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kò bófin mu kí aṣọ́nà máa so ẹranko tirẹ̀ mọ́ ọgbà ìjọba.

Ó mú okùn náà wá. Ràmọ́nù yẹ̀ ẹ́ wò títí. Eyín kò kàn án, ọ̀bẹ kò gé e. Wọ́n tú u ni, wọ́n sì ká a ní róbótó bí wọ́n ṣe ń ká okùn ìwé ní ọ́fíìsì, wọ́n gbé e lé orí òkúta.

Ó ní, "Sylvestre, fi í sílẹ̀. Ọ̀bọ lè tú okùn. Ọ̀bọ kì í ká okùn. Mathieu náà kì í ká okùn, ẹ wo bí ó ṣe di bàtà ara rẹ̀."

Gbogbo wọn wo bàtà Mathieu. Lóòótọ́, ọ̀kan nínú okùn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀.

Ó ti yé wọn báyìí pé ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni iṣẹ́ náà ṣẹ, lásìkò ìsinmi, nígbà tí Mathieu wà níbi oúnjẹ, Dókítà sùn, tí Marguerite sì wà nílé tó ń wẹ ọmọ Justine. Èwo nínú wọn ló padà wá? Marguerite ti ń fura sí akọ̀wé, àmọ́ ìfura kì í ṣe ẹ̀rí, Sylvestre ò sì ní fi ìfura mú ẹni tó gbọ́ Faransé ju òun lọ.

Ràmọ́nù padà sídìí àgò. Lẹ́bàá ilẹ̀kùn àgò ni ìṣó kan wà tí àpò ìdọ̀họ rọ̀ sí. Inú àpò yẹn ni wọ́n máa ń gbé ẹranko sí bí wọ́n bá fẹ́ gbé e kúrò. Aláǹtakùn ti ta okùn rẹ̀ láti àpò dé ògiri, kò sì já. Lára wáyà ilẹ̀kùn ni fọ́nrán òwú funfun mẹ́ta há sí, òwú àfọwọ́ran, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́.

Ó fi hàn Marguerite. Ó ní olè náà kọjá lára àpò tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó, ó fi í sílẹ̀, aṣọ funfun tó gbé láti ilé ló fi wé ọ̀bọ. Ó ní àlejò ni òun ní òkè wọn. Ta ló ń fi aṣọ funfun gbé ọ̀bọ níhìn-ín?

Marguerite fọwọ́ kan fọ́nrán òwú náà. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun tí gbogbo ọmọ Dassa mọ̀, tí wọn kì í fi ṣeré. Ìdílé kan wà lórí òkè lọ́hùn-ún. Nígbà tí ogun ń ká àwọn ènìyàn mọ́ orí òkè, ariwo ọ̀bọ ló jí àwọn baba ńlá wọn kí ogun tó wọlé. Láti ìgbà náà, wọn kì í jẹ ọ̀bọ, wọn kì í nà án, wọn kì í sọ ọ́ sínú àpò bí ẹran ọbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé òkú rẹ̀ tàbí ààyè rẹ̀, aṣọ funfun ni wọ́n fi ń gbé e. Ọmọ wọn tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì mọ èyí.

"Ta ló ti ìdílé yẹn wá nínú ọgbà yìí?"

Marguerite ní kò sí. Ará Paouignan ni Mathieu. Dókítà, ará etíkun ni. Isidore kì í dárúkọ bàbá rẹ̀, àwọn Fadá ló tọ́ ọ dàgbà lọ́nà jíjìn, ó sì ń pariwo kiri pé kò sí ohun tí òun kì í jẹ.

Ràmọ́nù rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń rìn. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, a ó fún un lóúnjẹ.

*

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Ràmọ́nù gbé àwo tánganran ńlá kan wọ ọgbà. Ẹran yíyan gbígbóná ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ata, òórùn rẹ̀ sì ń pe ènìyàn. Ó ní òun bẹ gbogbo wọn fún wàhálà tí òun kó bá wọn, pé ẹran ọ̀bọ Paouignan ni, pé ẹ̀sìn òun kò jẹ́ kí òun bá wọn jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n òun á fi ojú jẹ.

Mathieu ti mú ẹsẹ̀ kan kó tó sọ̀rọ̀ tán. Dókítà mú díẹ̀. Sylvestre, ẹni tó wá ṣọ́ Marguerite, mú púpọ̀. Isidore nìkan ló ku, gbogbo ojú sì yí sí i, nítorí òun ló máa ń pariwo jù bí ọ̀rọ̀ ẹran bá délẹ̀.

Ó mú ègé kan. Mo fẹ́ kí ẹ rí i bí Marguerite ṣe rí i. Ó gbé e dé ẹnu, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Òógùn là á níwájú orí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹran náà gbóná. Ó tún gbé e, ètè rẹ̀ kò ṣí. Ìka rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló tú, ẹran náà bọ́ sílẹ̀, ó sì ń nu ìka náà mọ́ ṣòkòtò rẹ̀ tó dán, ó ń nù ún, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ràmọ́nù ní, "Ewúrẹ́ ni, Akọ̀wé. Mo rà á lọ́wọ́ ẹni tó pa á."

Isidore kọ́kọ́ bínú, ó béèrè bóyá àìjẹ ẹran ti di ẹ̀ṣẹ̀ ní ilẹ̀ olómìnira. Ó ní níbo ni ọ̀bọ náà wà? Ẹ fi hàn mí. Ràmọ́nù dá a lóhùn pé òótọ́ ni, àìjẹ ẹran kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó yí sí Marguerite, ó ní ọkọ̀ ojú irin Kútọnu ń kọjá ní ìdájí ọ̀la, olè náà á sì fẹ́ fi gbé ọ̀bọ lọ. Ibo lórí òkè ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Marguerite mọ òkè náà, àmọ́ agbo ilé ibẹ̀ lé ní ogún, wọ́n fọ́n ká sáàárín àpáta. Bí wọ́n bá ń kan ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á ti gbé Ẹyinjú gba ẹ̀yìn lọ. Ó wo Baálé nínú àgò rẹ̀, ẹni tí kò fọhùn láti ọjọ́ Ajé. Ọ̀rọ̀ náà sì dé sí i lọ́kàn.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ọkọ wá ìyàwó rẹ̀."

*

Mathieu ló ru Baálé nínú àgò kékeré, inú rẹ̀ dùn láti ru ohunkóhun tó bá lè fọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Marguerite ṣáájú. Ràmọ́nù ń mí hẹlẹ lẹ́yìn, ó ń bú òkúta. Dókítà Cyprien bọ́ kóòtù rẹ̀. Sylvestre di apá Isidore mú. Oòrùn ń wọ̀, àpáta ṣì gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Agbo ilé àkọ́kọ́, Baálé dákẹ́. Ìkejì, ó dákẹ́. Wọ́n kọjá mẹ́fà, méje, Isidore sì ti ń rẹ́rìn-ín padà díẹ̀díẹ̀. Ìgbàgbọ́ Marguerite ń tán lọ. Ó ń bá Baálé sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, ó ní ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ò mọ̀ ju kí ẹ kọ̀yìn síni lọ, fọhùn.

Ní ìdí àpáta ńlá kan tí igi ọ̀pọ̀tọ́ hù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Baálé dìde. Ó di igi àgò mú, ó na ọrùn, ó ké láti ìsàlẹ̀ àyà, igbe tó wúwo tí àpáta gbà tó sì dá padà. Gbogbo wọn dúró. Ó tún ké.

Láti ẹ̀yìn ọgbà kan tí wọ́n fi ẹní ṣe, ohùn tín-ín-rín bí ti òròmọdìyẹ dá a lóhùn.

Marguerite kò mọ ìgbà tó sáré. Ó wọ agbo ilé náà láìkágò. Bàbá arúgbó kan jókòó síbẹ̀ lórí àpótí, Bàbá Ẹ̀ta ni wọ́n ń pè é, òun ni olórí ìdílé tó kù. Lẹ́yìn rẹ̀, nínú yàrá tí wọ́n fi ewé tútù àti ọ̀pọ̀tọ́ kún, Ẹyinjú jókòó sórí aṣọ funfun, ikùn rẹ̀ pọ́n kedere nínú ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́. Ọmọ tuntun kan lẹ̀ mọ́ ikùn náà, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ti ìrù rẹ̀ mọ́ ara ìyá rẹ̀.

Marguerite kúnlẹ̀, ó sunkún tí kò rí sun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní ṣé mo sọ, ṣé mi ò sọ pé ó lóyún. Dókítà Cyprien dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ní ẹ sọ, Màmá, ẹ sọ.

Bàbá Ẹ̀ta kò bínú pé wọ́n wọlé bẹ́ẹ̀. Ó nawọ́ sí Isidore, ó ní láti ọdún mẹ́rìnlá ni ọmọ àbúrò òun yìí kò ti tẹ orí òkè. Lọ́jọ́ Ajé ló dé lójijì pẹ̀lú ọ̀bọ nínú aṣọ funfun, ó ní kí àwọn bá òun tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ Ẹtì. Òun kò bi í ní ohunkóhun. Òun rò pé ọmọ ti rántí ilé ni, òun sì sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà.

Isidore jókòó sílẹ̀ lórí àpáta pẹ̀lú ṣòkòtò dídán rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìsí ẹni tó tún bi í. Kọ́kọ́rọ́ ara ògiri ọ́fíìsì ló fi ṣí àgò, ọjà ló sì ti ra osùn. Oníṣòwò ẹranko kan ní Kútọnu ló ṣèlérí fún un pé bó bá mú abo oníkùn pupa wá, òun yóò mú un dé ìlú òyìnbó, yóò sì wọ yunifásítì níbẹ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni òun na ọwọ́ sí àpò yẹn lára ìṣó. Òun kò mọ ohun tó dá òun dúró.

Bàbá Ẹ̀ta ní, "Ọwọ́ rẹ mọ ilé, ọmọ mi. Orí rẹ ni kò mọ̀ ọ́n. Máa bá wọn lọ. Bí wọ́n bá dá ọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọ̀nà ibí ni kí o kọ́kọ́ gbà."

*

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn àlejò dé. Wọ́n ń retí méjì, wọ́n bá mẹ́ta. Baálé jókòó ti Ẹyinjú, ó ń ya irun rẹ̀ sí méjì, ó ń ṣà á, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Òyìnbó náà bọ́ fìlà, ó kúnlẹ̀ sínú eruku níwájú àgò, kò sì dìde fún ìgbà pípẹ́. Aṣojú ìjọba fọwọ́ sí ìwé igbó Tré lórí itan rẹ̀ níbẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ìròyìn náà dé ọjà, àwọn tó fi Ràmọ́nù ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí sódábì ló ń ra àtùpà lọ́wọ́ rẹ̀ láìná an. Ọ̀bọ Ràṣídì ti padà sínú igbó, ó mọ́ tónítóní, ó kàn ń rùn bí ọ̀mùtí.

Òyìnbó dìde níkẹyìn. Ó ń bi Dókítà Cyprien ní ìbéèrè lórí ìbéèrè. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó lóyún? Kí ni ẹ fi ń bọ́ ọ? Ta ló mọ̀ pé ohùn akọ lè pe abo?

Dókítà Cyprien lè purọ́. Kò sẹ́ni tó máa bá a jiyàn. Ó wọ ọ́fíìsì lọ dípò bẹ́ẹ̀, ó gbé àga tirẹ̀ jáde, àga kan ṣoṣo tó ní tìmùtìmù nínú gbogbo ọgbà náà, ó gbé e síwájú Marguerite lójú gbogbo ènìyàn.

Ó ní, "Èmi kọ́. Màmá Justine ló mọ̀ wọ́n. Ẹnu Màmá ni kí ẹ ti gbọ́ ọ, èmi náà fẹ́ gbọ́."

Marguerite wo àga. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì dáadáa.

Ó ní, "Ẹ wá ibi jókòó, gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ náà gùn."